Àròkọ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ lórí Ọ̀ràn Ìlú, àti Àwa tí A Ń Fún Wọn ní Ẹ̀bùn

Nígbà tí ọdún ìdìbò bá ń súnmọ́ tòsí, kì í ṣòro láti rí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìhà wa yìí, ìbáà jẹ́ ní Ìjerò, ní Aràmọkọ, tàbí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí yóò pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n kọ̀wé lórí ọ̀ràn ìṣèlú bí àwọn akọ̀ròyìn ti ń kọ ọ́. A ó dá ọjọ́, a ó ra ìwé àti kálámù tí a ó fi ta àwọn tí ó bá ṣe dáadáa lọ́rẹ, a ó sì ránṣẹ́ sí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti ìlú mìíràn kí wọ́n wá ṣe adájọ́. A ti jókòó nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ìgbà kan lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ọdún yìí kì í ṣe láti bu àwọn ọmọ kù, nítorí ẹ̀bi tí a rí wà lára ọwọ́ tí ó di tàdáwà pupa mú ju bí ó ti wà lára ọwọ́ tí ó kọ̀wé lọ.

Ìdíje àròkọ kì í ṣe ohun àná. Láti 1883 ni ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Royal Commonwealth Society, ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí irú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, ogun Kírìjì kò tíì parí ní ẹ̀yìnkùlé wa. Kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ wọ́n lórí, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkìtì kan pé kí ni ó rò nípa ìjọba. Ní 1936, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, gbọ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti ìjọba ń ṣe ìdíje ìwé kíkọ. Ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ẹ wo ohun tí ìdíje lè fà jáde lára ẹni tí ó ti ní nǹkan nínú! Ṣùgbọ́n iwin àti ẹbọra ni Fágúnwà kọ nípa wọn, iwin kì í sì í pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ọ̀ràn ìlú yàtọ̀. Àwọn tí a bá kọ nípa wọn níbẹ̀ wà láàyè, wọ́n mọ ilé wa, wọ́n sì lè jẹ́ pé àwọn gan-an ni ó ra ẹ̀bùn tí ó wà lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú àròkọ tí ó sábà máa ń gba ipò kìíní. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ àwa náà. Yóò bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ ìtumọ̀ ìṣèlú. Láti ibẹ̀ yóò gba ilẹ̀ Gíríìsì kọjá, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá ìjọba àwa-ara-wa sílẹ̀, yóò yà kí Abraham Lincoln ní Amẹ́ríkà, yóò sì padà wá sílé pẹ̀lú ohùn rara láti sọ pé àwọn tí a ní kì í ṣe òṣèlú, ọ̀jẹ̀lú ni wọ́n. Gbogbo gbọ̀ngàn yóò hó yèè. Lẹ́yìn èyí ni yóò ka àwọn ohun tí a kò ní: kò sí iná, kò sí omi, kò sí ọ̀nà tí ó dára, kò sí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ìparí yóò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wa ní olórí rere, àwọn òbí yóò sì ṣe àmín.

A kò sọ pé irú àròkọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹwà. Ọmọ tí ó bá lè kọ ọ́ ti ka ìwé, gbólóhùn rẹ̀ gún, kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ohun tí ó ṣòro fún wa ni pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ojú ọmọ náà rí. Ó ní ọ̀nà kò dára. Ọ̀nà wo? Èyí tí ó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n ni, tàbí èyí tí ó lọ sí ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì? Ìgbà wo ni ó bàjẹ́? Ta ni ó gba owó àtúnṣe rẹ̀, ta ni ọmọ náà sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Bí a bá mú àròkọ náà lọ sí Kánò tàbí Kàlàbá, a ó lè kà á níbẹ̀ láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, àwọn ará ibẹ̀ yóò sì pàtẹ́wọ́ bí àwọn ará Ìjerò ti pàtẹ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá bú gbogbo ènìyàn kò bú ẹnì kan. A ti rí i rí, tí ọ̀jẹ̀lú gan-an jókòó sórí àga ọlá níwájú, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń pàtẹ́wọ́, nítorí pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ àròkọ náà, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ àdúgbò rẹ̀, kò sì gbọ́ iye owó kankan.

Nísinsìnyí, a ó sọ nípa àròkọ kan tí kò gba ẹ̀bùn.

Kí ó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ìhà ibí, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì láàárín ọdún mẹ́rin. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, gómìnà tí ó wà lórí àga, Káyọ̀dé Fáyẹmí, pàdánù ìbò sọ́wọ́ Ayọ̀délé Fáyòṣe ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ohun ikùn ti gba ẹnu àwọn ènìyàn jákèjádò Nàìjíríà: pé ará ìlú kò fẹ́ gbọ́ ti ọ̀dà ojú títì mọ́, oúnjẹ ni ó ń fẹ́. Nígbà tí ìdìbò mìíràn fi máa dé ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2018, gbólóhùn tuntun ti jáde: dìbò, kí o sì sebẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn àti àwọn tí ó wá ṣọ́ ìbò sọ pé a ń ra ìbò ní ₦3,000 sí ₦5,000. Fáyẹmí ni ó wọlé ní ọdún náà. A kò fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan lẹ́bi ju èkejì lọ. Ìròyìn tí ó jáde nígbà náà kan ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Gbólóhùn nípa ọbẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ kékeré fi ń ṣeré lójú pópó.

Ní ọdún yẹn kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, nínú ìlú kan láàárín Aràmọkọ àti Ìjerò, pè wá láti wá ka àròkọ. Àwa mẹ́ta ni adájọ́. Lára ìwé tí ó wà níwájú wa ni ti ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sọ ìtumọ̀ ìṣèlú. Ìkòkò ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdìbò, ìkòkò ọbẹ̀ ìyá-ìyá òun wà lórí ààrò láìsí ohun kan nínú rẹ̀ ju omi àti iyọ̀ lọ. Ó sọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kò tíì gba owó oṣù. Ó sọ ẹni tí ó wọlé wá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kì í ṣe ní orúkọ, bí kò ṣe ní oyè tí ó ń jẹ nínú ìlú, èyí tí kò ṣe ìyàtọ̀. Ó sọ iye tí ó gbé lé ìyá àgbà náà lọ́wọ́, ₦4,000. Ó sọ bí wọ́n ti kọ́ ìyá àgbà náà láti gbé ìwé ìbò rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ògiri yóò fi lè rí i kí ó tó ká a. Ó ka ohun tí a fi owó náà rà ní ọjà: kóńgò ìrẹsì, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ata, àti oògùn ẹsẹ̀ dídùn. Ó ní ọbẹ̀ náà tó wọn jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ohun tí kò sí àròkọ mìíràn nínú gbogbo èyí tí a kà tí ó ṣe é. Ó ṣírò. Ó ní gómìnà yóò lo ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin sì jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ó pín ₦4,000 sí ọ̀nà 1,461, ó sì rí i pé kò tó náírà mẹ́ta lóòjọ́. Kò kígbe, kò sọ pé ó ṣe ni láàánú. Ó kàn kọ iye náà sílẹ̀, ó sì kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ nígbà tí òun fi ìṣirò náà hàn án. Ìyá àgbà ní láti ìgbà tí òun ti ń dìbò, ìjọba tí òun fi ọwọ́ ara òun gbà kò ju èyí lọ, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí òun gbà á, kí ó wá sọ ohun tí òun ìbá sè. Àbúrò ìyá ọmọ náà ní tirẹ̀ kọ owó, ó sì bínú jáde. Ọmọ náà kọ èyí náà sílẹ̀, kò sì sọ fún wa ẹni tí ó jàre nínú wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni ó kọ ní ohùn Èkìtì bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí ìyá náà ti sọ ulé àti uṣu, ulé àti uṣu ni ó kọ.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́, kí ni a ṣe? A fi tàdáwà pupa yí ulé ká, a kọ ilé sí i lórí.

Kí a sọ òtítọ́, àròkọ náà ní àbùkù, a kò sì ní fi ìfẹ́ tí a ní sí i bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lápá kan nínú rẹ̀, ọmọ náà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mìíràn, bí wọ́n ti gbé àpò owó wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé òun wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ni ó ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó yẹ kí ó sọ pé a wí i fún òun ni, kí ó sì sọ ẹni tí ó wí i. Èyí tí ó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kò lọ bá olóyè náà láti bèèrè ohun tí ó ní í sọ. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè ṣàdédé kan ilẹ̀kùn irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ lè bá a lọ. Àwa náà lè bá a lọ.

A kò lọ. Ní àkọ́kọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a fún un ní àmì tí ó ga jù. Nígbà tí a sì ń kó ìwé jọ ni ọ̀kan nínú wa bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé olóyè tí ọmọ yìí ń sọ, ṣé kì í ṣe òun ni ó ń bọ̀ wá pín ẹ̀bùn lọ́la? Òun ni. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀: pé ìwé kíkọ rẹ̀ kò mọ́, pé èdè ìbílẹ̀ ti wọ inú Yorùbá rẹ̀, pé ìkòkò ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ìṣèlú, nítorí náà kò bá àkòrí mu. A pa àmì rẹ̀ rẹ́, a fi ọmọkùnrin tí ó kọ nípa ilẹ̀ Gíríìsì ṣe ẹni kìíní. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wa. Olóyè náà kò mọ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò rán ẹnikẹ́ni sí wa.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí ọmọbìnrin yìí ṣe jẹ́ àṣejù ọmọdé, ẹ jẹ́ kí a rántí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí òun náà kò ní agbára kan ju kálámù lọ. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ní 1924, nígbà tí a ṣe àfihàn ńlá ti Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn Evening News kọ ọ́ pé àwọn ará Nàìjíríà ń jẹ ènìyàn, wọ́n sì ń ṣe oògùn ìkà. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa láti tako ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ni ibi tí ó gbé ẹsẹ̀ lé. Ó ṣeé ṣe fún un láti wàásù nípa ọlá àwọn baba ńlá wa, kí ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ ìwé ìròyìn tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ohun tí a kọ, ó sì fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ìpalára fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé. Lára ara rẹ̀ àti ní àdúgbò tí ó ń gbé ni ó ti mú ẹ̀rí rẹ̀. Amy Ashwood Garvey ka lẹ́tà náà, ó wá a rí, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sì dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní oṣù Keje 1924. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1925, a dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní WASU. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ́kànlélógún ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, J. B. Danquah ará Gold Coast ni ààrẹ àkọ́kọ́, Ṣólàńkẹ́ sì ni akọ̀wé.

Ní 1926 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó sì pè é ní Wasu. Kì í ṣe lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n rò. Yorùbá tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé wàásù ni. Ìwàásù ni wọ́n fẹ́ ṣe fún gbogbo ènìyàn dúdú, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn: wọ́n wàásù ìṣọ̀kan, wọ́n wàásù ìrànlọ́wọ́ ara-ẹni. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ àga ìwàásù kò lè kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí a bá ní kí a ṣe adájọ́ lórí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí bí a ti ń ṣe lórí ti àwọn ọmọ wa, a ó ní láti sọ pé ibi tí wọ́n ti ń wàásù ni wọ́n ti máa ń fò kọjá orí ilẹ̀. Nínú ìwé tí Ṣólàńkẹ́ tẹ̀ jáde ní 1927, tí ó pè ní United West Africa at the Bar of the Family of Nations, ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó gba àwọn òyìnbó kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà, Japan sì fi àádọ́ta ọdún bá wọn. Kò sì rí ìdí tí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò fi ní fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé ni lọ́kàn sókè, ṣùgbọ́n báwo ni ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí 1927 jẹ́ 1952. Ní 1952, ọmọ púpọ̀ ní Èkìtì kò tíì mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé iye Ṣólàńkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a gbé kò-tó-náírà-mẹ́ta ọmọbìnrin wa sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tirẹ̀ ni ó ṣe é gbára lé, nítorí ẹnikẹ́ni lè mú pẹ́ńsù kí ó sì tún un ṣe. Lẹ́tà 1924 ni àwa ìbá fún ní ẹ̀bùn, kì í ṣe ìwé 1927. Ó sì jọ wá lójú pé Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó wá sílé láàárín 1929 sí 1932 láti tọrọ owó láti ìlú dé ìlú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ilé tí wọn yóò máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì rí ilé náà ṣí ní Camden ní 1933, kò ní bá wa jiyàn púpọ̀ lórí èyí. Ọkùnrin tí ó mọ iye tí ilé kan ń náni ni.

Àwọn kan yóò sọ fún wa pé ẹ̀rù tí ó bà wá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìhà ibí yìí mọ ohun tí ọ̀ràn ìbò lè dà. Ní oṣù Kẹjọ 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a kéde pé Akin Ọmọ́boríowó, ọmọ Ìjerò wa níhìn-ín, ni ó borí Adékúnlé Ajáṣin, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe igbákejì fún rí. Iná sọ. A sun ilé, a pa ènìyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, wà lára àwọn tí ó kú ní Àkúrẹ́. Ilé ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Ajáṣin lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í jí òkú. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn tí Kúnlé Adébàjò, tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Guardian ní oṣù Kẹrin 2016 pé òrùlé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé dára lójú, inú rẹ̀ sì burú. Ní 2018 ni a ní kí ó lọ jókòó sílé fún sáà ẹ̀kọ́ méjì nítorí àròkọ náà. Ó ti di akọ̀ròyìn tí a mọ̀ dáadáa lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀jẹ̀lú ni ó kọ sínú rẹ̀, tí kò kọ òrùlé, a rò pé ìbá jókòó sí kíláàsì rẹ̀ ní àlàáfíà.

Nítorí náà a kò dá olùkọ́ tí ẹ̀rù bá bà lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí ẹ̀rù bá bà wá, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe pè é ní àìbá-àkòrí-mu, nítorí ọmọ tí a bá wí fún pé ìkòkò ìyá-ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ìlú yóò gbà wá gbọ́. Yóò sì kọ nípa ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún tí ó ń bọ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ tí ó sàn ju tiwa lọ han àwọn ọmọ kò ní láti rìn jìnnà. Ọmọ́boríowó kọ ìwé kan ní 1982, ó pè é ní Awoism, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì ya ara wọn. Dáre Babarìnsá, akọ̀ròyìn tí ó jẹ́ ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ìwé ìròyìn TELL sílẹ̀ ní 1991, kọ House of War ní 2003 nípa bí ilé àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ ti dàrú. Ìlú méjì tí kò jìnnà síra wọn, ìwé méjì, ìjà kan náà. Bí a bá gbé wọn síwájú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ń ṣàlàyé ìgbàgbọ́ àti ẹni tí ó ń tọpa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti yàrá ìpàdé dé ojú pópó. A kò ní kí wọ́n yan ọ̀kan. A fẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ ìròyìn.

Ní ti ìdíje wa, ohun méjì péré ni a ti ń bẹ àwọn tí ó pè wá láti ìgbà náà. Èkíní ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó ń du ipò, tàbí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún un, ra ẹ̀bùn tàbí kí ó pín in. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gbà; òmíràn sọ fún wa pé níbo ni àwọn yóò ti rí owó. Èkejì ni pé kí olùkọ́ kan jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó mú ìwé wá, kí ó bi í lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé, ìwọ rí i ni, àbí a sọ fún ọ ni, ta ni ó sì sọ? Iṣẹ́ yìí pọ̀, a mọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, àròkọ tí ó jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin di ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ náà ni ó dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá bá wa lọ́jọ́ tí a pín ẹ̀bùn, lẹ́yìn tí olóyè ti lọ. Kò bèèrè ìdí tí kò fi gba nǹkan kan. Ó kàn ní òun fẹ́ gba ìwé òun padà, nítorí pé ìyá-ìyá òun ní kí òun kà á sí òun létí. A sọ fún un pé ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Inú àpò wa ni ó wà, a sì gbé e lọ sílé, ó sì wà nínú àpótí wa fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yìí, a ránṣẹ́ lọ bèèrè ibi tí ọmọ náà wà. Wọ́n ní ó ti jáde, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ báyìí, ìyá àgbà sì wà láàyè. A ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Àmì tí a pa rẹ́ ṣì hàn díẹ̀ lábẹ́ tàdáwà. A tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fọwọ́ sí i. Ilé tí a kọ lé ulé lórí ni a kò rí ọ̀nà tí a ó fi nù kúrò.